Ìdí Tí Ìbọn Fi Ń Ké, Tí Ọrun sì Tẹ̀

Ní ìgbà láéláé, kí ogun tó mọ ariwo, ìbọn kì í ké. Bí ẹni ń súfèé ni í dún. Ọrun pẹ̀lú kì í tẹ̀ nígbà náà: bí tafàtafà bá ti jọ̀wọ́ ọsán rẹ̀, a tún nà gbọnrangandan bí ọ̀pá.

Ìbọn ti òkè òkun dé sí ìlú Ìgbóyè. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa tí a rìn jìnnà, kò tíì jókòó tí ó ti ń kọ́ onílé bí a ṣe ń gbálẹ̀.

Ó wí fún Ọrun pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà yín ti kọjá."

Ọrun dáhùn pé, "O ṣeun, àbúrò. Ìgbà mi kọjá. Ọ̀tá ni kò tíì kọjá."

Balógun Fámákinwá gbọ́. Ó ní, "Ogun ń bọ̀. Ẹni tí ó bá lé e ni yóò máa ṣọ́ ẹnubodè. Èkejì yóò lọ máa gba èéfín lórí àjà ìdáná."

Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì. Ohun tí a bá gbé sórí àjà, a kì í tètè rántí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀tá yọ, Ọrun ń ta ọfà léraléra. Ìbọn ṣì ń jẹ ẹ̀tù. Wọ́n fi ọ̀pá kì í, wọ́n fi ọta sí i, wọ́n tún fi ọ̀pá kì í.

"Àbúrò, ṣé o ṣì ń jẹun ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, níbi tí mo ti bọ̀, a kì í kánjú jẹun."

Ọfà tán nínú apó. Ọ̀tá dé ẹsẹ̀ odi. Jìnnìjìnnì mú Balógun. Ó gbàgbé pé Ìbọn ti yó, ó tún rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ó sì yìn ín. Gbàù ni ó dún, bí àrá. Èéfín bo odi. Balógun fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí èéfín ká, ọ̀tá ti sá wọgbó tán.

Ìlú ń yọ̀, wọ́n gbé Ìbọn sí ẹnubodè. Ojú rẹ̀ dúdú, ohùn rẹ̀ sì ti ha.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ òkè òkun mi, igi ọ̀pẹ ni ọta mi bà. Ariwo lásán ni ó lé wọn."

Ọrun ní, "Èmi ńkọ́? Láti àárọ̀ ni mo ti ń jà, n kò sì fọhùn. Ta ni yóò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?"

Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, kò sì lè nàró mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sórí àjà.

Láti ọjọ́ náà ni ìbọn kò ti lè ṣiṣẹ́ láìké, tí ó sì ń fi èéfín bo ibi tí ọta rẹ̀ bọ́ sí. Bí ẹ bá sì rí ọrun tí ó tẹ̀, ẹ má pè é ní arúgbó. Ẹ̀rín ni kò tíì tán lára rẹ̀.