Málọmọ́ Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Òwú Dí Létí

Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*

Ẹ gbè é dáadáa. Láyé ìgbà tiwa, gbogbo agbolé ní ń dáhùn, títí kan àwọn tó ti ń tòògbé. Ààlọ́ mi kò gun igi, kò wọ odò, ó bà lé Málọmọ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi òwú dí létí.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ara. Ìlú náà tòrò. Odò kan ṣoṣo ló ń ṣàn gba iwájú gbogbo ilé. Bí ènìyàn bá ti gbó, wọn a kọrin fún un láti etí odò ní ìrọ̀lẹ́. Á dìde, á wọ odò lọ, ọmọ tuntun á gba yàrá rẹ̀.

Ẹni ó ti rẹ̀, dìde o.
*Ilé yá o, ilé yá.*
Ṣí yàrá fọ́mọ tuntun.
*Ilé yá o, ilé yá.*
Odò ń dúró dè ọ́ o.
*Ilé yá o, ilé yá.*

Málọmọ́ kò gbọ́ orin yìí rí. Àbíkú ni. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pè é lọ, ìyá rẹ̀ fi òwú àti òrí dí i létí. Ìyá kú, kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Ẹnu ènìyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Málọmọ́ gbó, kò lọ. Ó bímọ, ó bímọ, ó bímọ, ó sì fi òwú dí gbogbo wọn létí. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ya odò sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ilé àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú dé láti mú un lọ sódò. Málọmọ́ na ọwọ́ tó fi osùn kùn, àmì ọmọ ìlú tí ẹ̀ṣọ́ kì í fọwọ́ kàn.

"Ará ilé ni mí."

Wọ́n padà. Wọ́n tún dé, ó tún na ọwọ́. Wọ́n padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọdẹ́jọbí, olórí ẹ̀ṣọ́, lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n jọ wẹ̀ nínú odò yẹn, wọ́n jọ sun àgbàdo jẹ ní bèbè rẹ̀. Ó rí osùn, ó rántí ìgbà èwe, omi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà padà.

Nígbà tó délé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Bàbá, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ọdẹ́jọbí rí i pé bí ọ̀rẹ́ òun bá dúró, ọmọ yìí ni yóò lọ. Ó padà síbẹ̀. Ó fi ìwọ̀nba omi tó kù nínú akèrègbè rẹ̀ nu osùn ọwọ́ Málọmọ́. Ó yọ òwú etí rẹ̀.

"Málọmọ́, gbọ́." Ó gbé orin náà.

Ẹni ó ti rẹ̀, dìde o.
*Ilé yá o, ilé yá.*

Málọmọ́ yíjú sí i.

"Ṣé orin tẹ́ ẹ ti ń kọ látọjọ́ yìí nìyí?"

"Òun ni."

"Ó mà dùn o. Ó sì ti rẹ̀ mí tipẹ́."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ òwú etí àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ odò lọ. Omi padà sí iwájú ilé gbogbo. Títí Ọdẹ́jọbí fi gbó, kò sun àgbàdo kó má ya ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe nínú ara ènìyàn nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í gbọ́ ìpè ikú, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní ará ilé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ká má tìtorí pé a mọ ojú ohun tó ń pa wá, ká wá máa kẹ́ ẹ.

Ibi tí ààlọ́ tèmi wọlé sùn sí nìyí.