Ọjọ́ tí Oyèkànmí Kò Lè Sọ̀ Kalẹ̀

"Gígun kẹ̀kẹ́ kò le, sísọ̀ níwájú àna ló le." Bí ẹ bá dé Òkè-Ìgbín, tí ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ kò ní í ṣàì gbọ́ òwe yìí. Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá ń pa á, wọn a sì fi "tótó ó ṣe bí òwe" gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kẹ̀kẹ́ ta ni, àna ta sì ni, ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wòkè. Ṣé ẹ̀yin mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìyá tó bí ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó sì ti sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.

Oyèkànmí ni télọ̀ tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ọwọ́ rẹ̀ dá, ìwà rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò ga. Nígbà tí tíṣà kan tó ga bí ọ̀pẹ ń kó kúrò nílùú, Oyèkànmí ra kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí títẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ti mọ́ lára kò jẹ́ kí kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bó bá ti jókòó sórí gàárì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Orí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìnkùlé ló ti máa ń gùn ún. Bó bá fẹ́ sọ̀, yóò wà á padà wọ ẹ̀yìnkùlé náà, yóò di ẹ̀ka igi gúábà mú, yóò so rọ̀ bí àdán, kẹ̀kẹ́ á sì máa dá lọ títí yóò fi ṣubú sáàárín ewé kókò. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú ń tì í láti sọ ọ́.

Ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀yìn ìlú, tó tẹ̀lé etí odò Alámọ̀, tó gba abẹ́ àwọn igi obì kọjá, tó sì yí po padà sẹ́yìn ilé Oyèkànmí. Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọjú, Oyèkànmí a gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ibẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Kò rẹrù, kò jíṣẹ́ fẹ́nì kankan. Atẹ́gùn odò ló ń gbà, ẹyẹ ló ń wò, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló sì ń kì:

"Ológeere, ẹṣin tí kì í jẹ koríko,
A-sáré-má-làágùn,
A-gbéni-má-kùn-síni-lára,
Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò lè dá dúró!"

Ìlú kò tíì rí irú èyí rí. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi a máa bi í pé, "Oyè, níbo lò ń lọ?"

"N kò lọ síbì kankan, ẹ̀yin ìyá mi. Mò ń ṣeré ni."

"Àgbàlagbà ń ṣeré? Olúwa, ṣàánú wa o!"

Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń roko, a kí i pé, "Àroko bọ́dún dé o!" Àgbà tó bá pàdé, a ṣí fìlà fún un, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àna kì í ṣe ẹni tí à ń ṣí fìlà fún kọjá. Ẹni tó bá pàdé àna rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ orí ẹṣin ló wà, ìbáà jẹ́ orí ẹrù, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Oyèkànmí sì ní àna lọ́nà. Mopélọ́lá ọmọ Baba Olójèdé ló fẹ́ fi ṣaya, ìdána wọn kò sì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ mọ́.

Lọ́jọ́rú kan, bó ti yọ lábẹ́ igi obì, ta ni yóò rí? Baba Olójèdé ni, òun àti Baba Láyẹni ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ẹrù iṣu kalẹ̀, wọ́n ń sinmi lórí òkúta.

Oyèkànmí fún bíréékì, ó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún yára tú u sílẹ̀. Kò sí ẹ̀ka gúábà kankan nítòsí.

"Ẹ kú ìsinmi o, Baba! Mo dọ̀bálẹ̀ o! Àyà mi ti kanlẹ̀ o!"

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan lórí gàárì, kẹ̀kẹ́ sì ń gbé e lọ.

Baba Olójèdé tẹjú mọ́ ọn títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. "Láyẹni, ta ló dọ̀bálẹ̀?"

"Ó ní òun ni."

"Níbo ló dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Ó jọ pé orí irin ni."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Baba Olójèdé ti ránṣẹ́ sílé àwọn Oyèkànmí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù ìdána wá bá òun. Ó ní ẹni tó ń kí òun láti òkè nígbà tó ṣì ń tọrọ, bó bá gba ọmọ tán, ṣé orí òrùlé ni yóò ti máa kí òun?

Mopélọ́lá kò sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀, ó gba ìsọ̀ Oyèkànmí lọ.

"Bọ̀dá Oyè, ṣé lóòótọ́ lẹ kọjá lára baba mi lórí kẹ̀kẹ́?"

"Mo kí wọn."

"Ṣé ẹ sọ̀?"

Oyèkànmí fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Mopé, n kò mọ̀ ọ́n sọ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ lára ògiri, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ká a kò bí ẹni tí inú ń run. Nígbà tó rí ohùn padà, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Kí gbogbo ìlú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Èwo lẹ fẹ́, kí wọ́n má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni, tàbí èmi?"

Fìlà rẹ̀ ni Oyèkànmí wá, ó dé e, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Baba Olójèdé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì jẹ́wọ́.

"Irọ́!" ni Baba wí. "Ewúrẹ́ tó gun ògiri, ṣé a máa ń bá a wá àkàbà tí yóò fi sọ̀ ni? Èmi yóò dúró lójú ọ̀nà Alámọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Gun irin rẹ wá. Bó bá jẹ́ òótọ́, ojú mi á rí i. Bó bá jẹ́ irọ́, má tún yà sílé mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé bò. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, kódà ẹni tí ìkòkò rẹ̀ kún fọ́fọ́ nílé ti gbé òmíràn, ó ní òun ń lọ pọnmi. Ìyá mi àgbà kò fi pamọ́ fún mi pé òun wà lára wọn.

Oyèkànmí yọ láti ọ̀nà igi obì, jẹ́jẹ́, òógùn bò ó. Kò kì kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, àdúrà ló ń gbà. Baba Olójèdé dúró sáàárín ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀, kí o kí mi!"

Oyèkànmí fún bíréékì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tí òun àti irin náà fi dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó rò ó, ó tún tẹ̀ sápá òsì, ó wá ju ọ̀gá rẹ̀ síwájú, òun sì gba inú igbó lọ. Gbìì! Oyèkànmí balẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀: àyà, ikùn, àgbọ̀n, imú, gbogbo rẹ̀ wọ iyanrìn, orí ìka rẹ̀ sì kan bàtà Baba.

Ohùn kan wá ti inú iyanrìn jáde pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Baba."

Baba Láyẹni ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Olójèdé, ó ti pẹ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ tó kún tó èyí! Àṣé gígun kẹ̀kẹ́ kò le, sísọ̀ níwájú àna ló le!" Ẹ̀rín gba gbogbo etí odò, omi ń dà lórí àwọn obìnrin, kò sẹ́ni tó bìkítà. Kí wọ́n tó délé, ọ̀rọ̀ Baba Láyẹni ti ṣáájú wọn délé.

Láti ọjọ́ náà ló ti di òwe. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fò mọ́ ohun kan láìbéèrè bí yóò ṣe parí rẹ̀, ẹni tó tẹ́wọ́ gba oyè láìmọ iṣẹ́ inú rẹ̀, tàbí ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ láìro ojú tí yóò fi wo àwọn tó máa là á, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un. Wọn kì í fi bú u. Wọ́n fẹ́ kó wá ibi tí yóò sọ̀ sí kó tó gùn ni. Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká gun ohun tí a kò ní í lè sọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti Baba Olójèdé, ó gbìyànjú láti le ojú koko, ẹ̀rín kò gbà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn iyanrìn kúrò lórí Oyèkànmí, ó sì fà á dìde.

"Ó tó, ọmọ mi. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n gbé ẹrù ìdána bọ̀ lọ́jọ́ tí a dá. Ìwọ náà máa bọ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn wá."