Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tí Ó Mọ Bí A Ṣe Ń Gba Ọmọ

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá àwọn ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, òun náà ni ó sì máa ń wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá lọ́dọọdún, láti wo àwọn ọmọ ọdún méjìlá tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé ìwé wọn.

Ojú rẹ̀ mú sí iṣẹ́ náà. Kì í wo ọmọ tí ó ń sáré jù. Ọmọ tí ó bá ti bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń wò, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ibi tí yóò gbá a sí. Bí ó bá rí ọ̀kan, ilé òbí rẹ̀ ni yóò lọ. Yóò dọ̀bálẹ̀ fún baba, yóò kí ìyá, yóò jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, yóò sì fara balẹ̀ dáhùn ohun gbogbo tí wọ́n bá bi í. Ṣé ọmọ yóò máa lọ sí ilé ìwé? Yóò máa lọ láàárọ̀, bọ́ọ̀lù di ìrọ̀lẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá ńkọ́? Nọ́ọ̀sì wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí òbí kì í sábà rántí bi í, òun náà kì í sì í rán wọn létí: bí wọn kò bá mú un níkẹyìn ńkọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé fi wá ọmọ. Nínú ogún ọmọ tí wọ́n bá gbà lọ́dún kan, bóyá ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá fi ń mú ju méjì lọ. Ní ìparí ọdún kẹrin, wọn yóò kọ orúkọ àwọn tí yóò dúró sínú ìwé kan, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìjẹun. Ẹni tí kò bá rí orúkọ tirẹ̀ yóò di ẹrù, awakọ̀ yóò sì gbé e dé ibùdókọ̀. Lọ́jọ́ náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í sí nítòsí. Yóò ti wá ìrìn àjò kan rìn. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé kí ojú má baà ti àwọn ọmọ náà ni òun ṣe ń yẹra.

Lọ́dún kan, ọmọ kan tí ń jẹ́ Oyèníran wà lára àwọn tí kò rí orúkọ wọn. Ìgbòho ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti mú un wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ọgbọ́n orí pápá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé, obìnrin kan ru àpò èlùbọ́ dé ẹnu géètì. Ìyá Oyèníran ni.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni ó wí. “Mo ní kí n wá wo ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí fóònù rẹ̀ kò ti wọlé mọ́.”

Irọ́ kan ti dé orí ahọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá, pé àwọn ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú míì. Ó gbé e mì. “Ìyá, Oyèníran kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ní kí ó máa lọ sílé.”

Obìnrin náà rọra sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. “Ilé wo, sà? Ṣé kì í ṣe ilé náà ni mo ti ń bọ̀ yìí?”

Ọkùnrin náà bá a jáde lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ méjì ni òun àti ìyá yìí fi wá ọmọ kiri, láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà tó jẹ́wọ́ pé òun mọ ibi tí ó wà. Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n bá a, lápá kejì ìlú. Ó ń kó búlọ́ọ̀kù sínú ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn.

“Èé ṣe tí o kò lọ sílé?” ni akọ́nimọ̀ọ́gbá bi í.

“Kí ni ǹ bá wí, sà? Bàbá mi á ní kí ni mo ṣe tí wọ́n fi lé mi. Èmi náà ò mọ̀.”

Ó ní òun ti rò ó títí. Bóyá nítorí ọjọ́ tí òun pẹ́ dé pápá ni, tàbí nítorí abọ́ tí òun fọ́ ní yàrá ìjẹun. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun ná, kí òun tó lọ fojú kan bàbá òun.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí kò dúró gbọ́ ọ rí. Ó wá yé e pé ìtìjú ara òun ni òun ń sá fún ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

“O kò ṣẹ̀ mí,” ni ó wí. “O kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ rẹ kò yá tó èyí tí wọ́n ń wá. Láti ọdún kẹta ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí n kò sọ fún ọ.”

Ọmọ náà gbójú sókè. “Ṣé mo mọ̀ ọ́n gbá, sà?”

“O mọ̀ ọ́n gbá. N kò ṣìnà nígbà tí mo mú ọ.”

Ìgbà náà ni Oyèníran tó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ìyá àti ọmọ lọ sí Ìgbòho. Ó dọ̀bálẹ̀ fún baba, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Bàbá náà jẹ́ kí ó pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí ó tó ní kí ó dìde.

“Bí ẹ bá ti mú un wá lọ́jọ́ náà, tọwọ́tẹsẹ̀ ni ǹ bá fi gbà á,” ni ó wí. “Ṣé torí pé kò di agbábọ́ọ̀lù ni kò ṣe ní jẹ́ ọmọ mi mọ́?”

Oyèníran padà sí ilé ìwé. Ó pẹ́ kí ó tó tún fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí kì í ti í jẹun tán nílé òbí kankan láìsọ fún wọn pé díẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá ń mú. Bí ó bá sì rí i pé ọmọ kan kò ní dé ibẹ̀, yóò pè é jókòó, yóò sọ ọ́ fún un, yóò sì fúnra rẹ̀ mú un délé tí àkókò bá tó. Ó ná an ní nǹkan. Àwọn òbí kan gbọ́ òótọ́ yìí, wọ́n sì gbé ọmọ wọn fún ẹni tí ó ṣèlérí òkè òkun fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dé òkè òkun ní tòótọ́. Ọ̀gá tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbàgbé ọmọ náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, o lè má mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ rẹ: ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, ọmọbìnrin tí o mú wá láti ilé láti máa bá ọ gbé, òṣìṣẹ́ tí o fúnra rẹ bẹ̀ kí ó wá. Gbogbo wa ni a mọ bí a ṣe ń fi ẹnu dídùn gba ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ó bá di àtidá wọn padà, a ó pa fóònù, a ó ní kí ẹlòmíràn bá wa sọ ọ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ wá yóò sì máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri nínú ara rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, pè é, kí o sọ òótọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o mú un dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi í lé ọ lọ́wọ́.