Omi Tútù Lẹ́yìn Omi Eérú

Ọkùnrin kan wà tó máa ń ṣa ọ̀rá omi mímu táwọn èèyàn jù nù, á yọ́ ọ lórí iná, á sì fi ṣe àga. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, orúnkún kò jẹ́ kó lè jókòó sílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìta gbangba ni ọkàn màmá wà, níbi tí yóò ti máa kí èrò tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọ náà ní òun yóò ṣe àga tó lágbára fún un. Ó fa fọ́nrán yọ lára ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sá a gbẹ, ó pò ó mọ́ ọ̀rá tó ti yọ́. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí.

Bí màmá ṣe jókòó lórí àga náà ló là sí méjì. Màmá ṣubú. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, kò sì jáde mọ́. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe ọkùnrin yìí. Ó wo ojú ibi tí àga ti là, ó rí i pé ọ̀rá kò dì mọ́ fọ́nrán náà rárá.

Màmá ti se ọṣẹ dúdú rí nígbà tí ara ṣì le. Ó ní, "Ọmọ mi, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Fi omi eérú fọ̀ ọ́."

Ọmọ sẹ́ omi eérú, ó rẹ fọ́nrán sínú rẹ̀, ó kó o jáde, ó sá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbẹ, màmá fi ìka méjì fà á, ó já.

"Háà! O ò fi omi tútù ṣan án. Oje ti tán, fọ́nrán gan-an ni eérú ń jẹ báyìí."

Ó tún fọ́nrán mìíràn ṣe. Lẹ́yìn omi eérú, ó gbé e lọ sódò, ó ń ṣan án títí tí kò fi yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ó pò ó mọ́ ọ̀rá tó ti yọ́, àga jáde, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó lé e. Màmá di apá rẹ̀ mú pinpin, ó rọra fìdí kan ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ apá náà, ó ń kí àwọn tó ń kọjá.

Ìwọ bàbá tí ọmọbìnrin rẹ gboyún wálé, mo gbọ́ pé o bá a wí, kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọmọ ti sunkún, ó ti tọrọ àforíjì, síbẹ̀ inú yàrá ló ń dá jẹun. Ìbáwí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Èyí tó ṣẹ́ kù, ọmọ gan-an ló ń jẹ. Máa lọ sílé nísinsìnyí, fi oríkì rẹ̀ pè é, kí o ní kó wá bá ọ jẹun.