Ewéko tí Iyọ̀ Kò Lè Pa

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó gba etí òkun kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Yéjídé, abiyamọ tí kò gbà fún baálẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan létí òkun. Ọ̀nì inú omi ni baálẹ̀ wọn. Yéjídé, tó ń yan ẹja tà, ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú Málọmọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù ú kù lẹ́yìn tí ikú ti mú méjì lọ.

"Ó mà ṣe o!"

Ó ṣe púpọ̀. Lọ́dún kan, òkun ru, ó ya wọ ìlú. Nígbà tó padà, ó fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kú. Ṣọkọ̀ kú. Ewúro pàápàá tó ń ṣe bí akọni, ó kú. Láti ìgbà náà, pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ará òkè, àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́.

Kò pẹ́, èrìgì àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀jẹ̀. Egbò kékeré kò jinná mọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Málọmọ́ kì í ríran, a máa fọwọ́ wá ògiri kiri.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tutù yọ̀yọ̀ létí òkun: ewéko kan tó ń rá lórí iyanrìn, igi rẹ̀ pọ́n, ewé rẹ̀ ki, ó sì kún fún omi. Ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Yéjídé bá Ewúrẹ́ níbẹ̀. "Ewúrẹ́, èrìgì tìrẹ kò ṣẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ìyá Málọmọ́, ẹ wo ara mi bó ṣe ń dán! Ewé tí ẹ̀yin ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mò ń jẹ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀ o. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, omi ni mo máa ń wá."

Yéjídé kò sáré gbé e fún ọmọ. "Ohun tí ewúrẹ́ jẹ tí kò kú, ó lè pa ènìyàn," ló wí. "Bí yóò bá pani, èmi ni kó kọ́kọ́ pa." Ó jẹ díẹ̀. Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Inú kò run ún. Ó wá fi se ọbẹ̀, ó da iyọ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe. Yéè! Málọmọ́ tu ú dànù.

"Ó kó iyọ̀ lé iyọ̀!"

Ẹ kú ọgbọ́n! Lọ́jọ́ kejì, ó fi omi òjò ṣan ewé náà, ó bọ̀ ọ́, ó da omi rẹ̀ nù, kò sì fi iyọ̀ kankan sí ọbẹ̀. Málọmọ́ jẹ ẹ́, ó lá àwo.

Ni Ọ̀nì bá gbọ́. Ó wọ́ ìrù dé. "Yéjídé! Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará òkè máa fi wá ṣẹ̀sín pé oúnjẹ ewúrẹ́ la ń jẹ? Bàbá mi kò jẹ ẹ́, ìyá rẹ kò jẹ ẹ́. Ẹni tó bá tún jẹ ẹ́, yóò fi ìlú sílẹ̀!"

Yéjídé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wolẹ̀. "Baálẹ̀, mo ti sin ọmọ méjì, ẹ̀sín kọ́ ló pa wọ́n. Ẹ lé mi, n ò lọ. Ẹ fọ́ ìkòkò mi, màá jẹ ẹ́ ní tútù."

Gbòlà! Ọ̀nì fọ́ ìkòkò náà. Yéjídé dìde, ó lọ sétí òkun lójú gbogbo ìlú, ó ń já ewé, ó ń jẹ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkun gba tẹ̀tẹ̀ mi o.
"Màá jẹ ẹ́!"
Òkun gba ṣọkọ̀ mi o.
"Màá jẹ ẹ́!"
Èyí tó hù nínú iyọ̀ ńkọ́?
"Màá jẹ ẹ́!"
Ọ̀nì ní kí n má jẹ ẹ́ o.
"Màá jẹ ẹ́!"

Inú bí Ọ̀nì. Ó ké sí àwọn Akàn, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. "Ẹ gé gbogbo rẹ̀! Ẹ wọ́ ọ jìnnà!" Wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n fọ́n ọn káàkiri etíkun. Yéjídé sunkún lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀nba tó fi pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n ló kù fún ọmọ rẹ̀.

"Ó tán nìyẹn?"

Kò tán! Ẹni tó gé ewéko yẹn, ó gbìn ín ni. Ibi tí oríkèé rẹ̀ bá ti fara kan iyanrìn, níbẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Kí oṣù tó lé, gbogbo etíkun ti tutù.

Málọmọ́ ti ń sáré. Èrìgì rẹ̀ ti jinná, ó sì ń lé adìẹ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ wá ògiri. Àwọn ìyá rí i. Wọn kò bi Ọ̀nì léèrè. Ọ̀kan gbé agbọ̀n, èkejì gbé tirẹ̀, Yéjídé sì fi bí wọn yóò ti bọ̀ ọ́ hàn wọ́n.

Ọ̀nì bú ramúramù. "Gbogbo yín, ẹ fi ìlú sílẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó gbéra. Yéjídé ní, "Baálẹ̀, bí gbogbo wa bá lọ, ta ni ẹ ó jẹ baálẹ̀ lé lórí?"

Ìtìjú mú Ọ̀nì. Ó wọ́ lọ sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà, ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú oúnjẹ tí ilẹ̀ yín ń hù. Ẹ kọ́kọ́ mọ ewé kí ẹ tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ẹ̀sín gba ìlera lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ àlọ́ mi gúnlẹ̀ rèé. Bí mo bá fi irọ́ wà á, kí ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Bí n kò bá purọ́, ẹ hó lẹ́ẹ̀mẹta.

"Hó! Hó! Hó!"