Àlejò Tó Pọnmi Lórí Àpáta

Oyin wà nínú àpáta lóòótọ́, Ìwé Mímọ́ wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wí pé ó ń já bọ́ síni lẹ́nu.

Ọdọọdún ni Dọ̀kásì, opó tó ń ránṣọ, máa ń lọ sí Òkè-Ìyanu fún àpéjọ Àjíǹde. Ìlú náà wù ú débi pé ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀ pátápátá. Bánkọ́lé, àbúrò rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò ni yín níbẹ̀! Wọ́n ń gbé omi gbígbóná fún yín wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kí ẹ fi orí yín ru omi sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ẹ ó sáré wálé!"

"Èmi? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!"

Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ló lọ. Ìyá arúgbó tó máa ń gbà á sílé gbé omi ìwẹ̀ wá, ó kọ̀ ọ́. Ó gbé garawa, ó tẹ̀lé àwọn obìnrin lọ sí ìsun orí àpáta. Ó ṣubú, omi dànù, orúnkún rẹ̀ bó.

"Àlejò ń pọnmi!" ni àwọn obìnrin náà ń ké. "Àlejò wa, ẹ rọra o!"

Ó nu ẹ̀jẹ̀, ó dá orin ìyìn, ó padà sí ìsun. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá arúgbó náà ń dáná, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Dọ̀kásì, garawa tèmi nìyẹn. Pọn tèmi náà bọ̀."

Ta ní í rán àlejò lómi? Dọ̀kásì pe Bánkọ́lé lórí fóònù.

"Di ẹ̀rọ ìránṣọ mi dáadáa kí o tó gbé e sọ́kọ̀."