Òkúta Kì Í Hurun

"Ẹni tó bá ṣubú lójú ogun, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ohun tí Balógun Ògúnṣakin wí nìyẹn ní ẹnubodè Ìjámọ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun. Ẹ fi í sọ́kàn. Òun ni yóò tú òwe kan tó máa ń rú àlejò lójú nílùú náà: òkúta kì í hurun. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń pa á lówe?

Ọdẹ́wùmí wà lára àwọn tó kú létí odò Àwẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá kú sẹ́yìn odi, irun àti èékánná rẹ̀ ni à ń gbé wálé sin. Bí wọn kò bá dé, kò sí ìsìnkú. Bí kò bá sì sí ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ. Ogun parí. Balógun dé tòun ti ẹrú, tòun ti ẹṣin. Irun kò dé.

"Ẹ ní sùúrù," ni ó wí fún ìyá Ọdẹ́wùmí. "Ohun tó ju irun lọ ń bọ̀."

Ó ju irun lọ lóòótọ́. Wọ́n wọ́ òkúta gàgàrà kan lọ sójú ogun, wọ́n sì gbẹ́ ojú Balógun sí i. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò tí wọn yóò rì í sí, egungun àwọn ọmọ Ìjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Balógun ní kí wọ́n dà wọ́n sódò, kí ibi ìrántí àwọn akọni má baà rí wúruwùru.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta, Balógun gun orí àpótí, ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, ìyá Ọdẹ́wùmí gbé igbá funfun síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Balógun, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Irun ọmọ mi ni mo wá gbà."

"Ìyá, òkúta yìí ni ọmọ yín. Òun ni gbogbo wọn."

"Òun nìyí?"

"Òun ni. Kò ní kú mọ́ láé."

"Ẹ ṣeun."

Obìnrin náà tú kókó aṣọ rẹ̀, ó mú abẹ jáde, ó gun orí àpótí Balógun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí òkúta.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fá orí ọmọ mi ni. Ẹ ṣáà ní òun nìyí." Ó gbé abẹ sókè, abẹ náà ti kújú. "Ojú yín ni mo rí níbí, Balógun. Irun ọmọ mi ni n kò rí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín èrò.

"Ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀," ni Balógun wí. "Orí ìyá yìí ti dàrú."

"Kò dàrú," ni obìnrin náà wí bí wọ́n ti ń fà á lọ. "Òkúta ni kì í hurun."

Láti ìgbà náà, bí aláṣẹ kan bá gbé òdòdó wá síwájú òkúta, tí ó ń yin àwọn tí ó kọ̀ láti sin, àwọn ará Ìjámọ̀ a wo ojú ara wọn, wọn a ní: òkúta kì í hurun.

Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún lọ́dà. Irun Ọdẹ́wùmí kò padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.